Ahọ́n Mi Nínú Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Bàbá mi kì í gba kíkà inú ọkàn lọ́wọ́ ọmọ kéú kankan. Ní ilé kéú rẹ̀ ní Kabala Doki, orí awọ àgbò ló máa ń jókòó sí, á dojú kọ ẹnu wa. Tí ọmọ kan bá pa ẹnu dé, tó ní òun ń kà á nínú, bàbá mi á ní, "Kíkà tí ahọ́n kò bá mì, èrò ni. Èmi ò rán ọ níṣẹ́ èrò." Ìlọrin ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó tó wá sí Kaduna, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe kọ́ mi. Nígbà tí ó kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní kéú nínú iyàrá kan náà, èmi náà sì ń wo ẹnu wọn. Tí mo bá ń rìn lọ sọ́jà, tí mo bá ń gé ẹ̀fọ́, ahọ́n mi ń lọ, kódà tí ètè mi bá wà ní pípadé. N kì í mọ̀ pé ó ń lọ mọ́.

Abẹ́ àgbọ̀n ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà. Mo ń ṣe àlùwàlá, mo ń fọ ojú, ìka mi sì bá nǹkan kan pàdé lápá ọ̀tún ọrùn mi, ó le bí èkùrọ́, kò sì dùn mí. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé kò dùn mí. Nígbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́fun, ọmọbìnrin mi fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni. Ìdí ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé ọrùn.

Ọ̀rọ̀ "ahọ́n" yẹn ni mo gbé délé. Gbogbo ohun tí mo ní láyé tí mo lè pè ní iṣẹ́, ahọ́n ni mo fi ń ṣe é.

Dókítà tó gba ìtọ́jú mi jẹ́ obìnrin Hausa, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, "Malama" ló sì ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá ń kọ́ni ní kéú níhìn-ín. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní ìtànṣán ni wọn yóò máa tàn sí mi lọ́rùn, ọ̀sẹ̀ méje, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ìtànṣán náà kò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ara tó dáa. Ibi tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ló ń jó. Ibi tí itọ́ ti ń sun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ jó. Tí ó bá jóná, ẹnu mi yóò gbẹ, ó sì lè má padà tutù mọ́ láéláé.

Mo bi í léèrè pé ṣé ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ lè kọ́ ènìyàn ní kéú.

Ó ní, "Malama, ẹ kọ́kọ́ wà láàyè ná."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí òun fẹ́ gbìyànjú. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà ní ìlú yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní MRI, ó sì ní irú àwòrán kan tó lè yà tó jẹ́ pé omi inú ara ló ń wò. Omi inú ẹran ara wa kì í dúró lójú kan, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí jẹjẹrẹ bá wà, ara ibẹ̀ ki, omi kì í rọ́nà gbà, bí ìgbà tí ènìyàn bá wà láàárín ọjà nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Tí ìtànṣán bá ń pa jẹjẹrẹ náà, ibẹ̀ á máa là, omi á sì máa rí ọ̀nà rìn, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń sọ ìrìn omi á sì gòkè. Wọn á yà mí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọn á tún yà mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí nọ́ńbà bá gòkè dáadáa, òun lè fa etí ìtànṣán náà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò níbi tí itọ́ ti ń sun.

Ó ní, "Tí àwòrán náà bá jẹ́ òótọ́ ni o."

Mo gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n apá kìíní ni mo dì mú.

Obìnrin Yorùbá kan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ayàwòrán yẹn, Onígbàgbọ́ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gba pín-ín-nì híjáàbù mi, ó gba yẹtí, ó gba tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi, nítorí pé irin díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ń jowú. Kò fẹ́ kí nǹkan kan dán lára obìnrin ju òun lọ." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi kò gbà. Ó gbé nǹkan bíi àgò dé mi lójú, ó fi rọ́bà kékeré kan sí mi lọ́wọ́ pé kí n tẹ̀ ẹ́ tí ọkàn mi kò bá gbà á mọ́, ó sì tì mí wọ inú ihò ẹ̀rọ náà.

Inú ibẹ̀ tutù. Òkè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi. Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé ènìyàn mẹ́wàá ń fi òòlù lu páànù lórí ilé tí mo sùn sí. Mo rò ó pé bí isà òkú ṣe ń rí nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n tì mí wọlé títí wọ́n fi fà mí jáde, n kò rántí Ọlọ́run rárá. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, mo le gbagidi bí igi. Ìgbà tí mo dìde, tí mo ń wá bàtà mi, ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin fún ọgbọ̀n ọdún pé kí wọ́n pe Ọlọ́run nígbà ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù dé, mo gbàgbé orúkọ Rẹ̀. Ìtìjú náà dùn mí ju àìsàn lọ. Lórí ẹní ìkírun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣe àdéhùn pé tí wọ́n bá tún tì mí wọ ibẹ̀, ahọ́n mi kò ní dákẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é wà ní ẹ̀yìn ìlú, nǹkan bíi wákàtí kan, ọmọbìnrin mi ló ń wà mí lọ. Wọ́n rọ ìbòjú kan sí mi lójú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gba àwòrán imú àti àgbọ̀n mi, òun ni wọ́n sì fi ń dè mí mọ́ orí ibùsùn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ata bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí iná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tíì tí mo bá mu dà bí ọ̀rá lásán lẹ́nu mi.

A padà sọ́dọ̀ obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Alhaja, ẹ ti mọ ọ̀nà ilé. Ẹ má mira, ẹ má gbé itọ́ mì tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀." N kò mira, n kò sì gbé itọ́ mì. Mo pa ètè mi dé. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn súrà kéékèèké inú Àlùkùránì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú ahọ́n, bí bàbá mi ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ń kà. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, mo ń sunkún ayọ̀.

Obìnrin náà ní, "Ẹ káre. Orí yín ò mì rárá."

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, dókítà pè wá. Nọ́ńbà ti gòkè, ó sì gòkè ju bí òun ṣe rò lọ. Ó ní tí ó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò jókòó tún ètò ìtànṣán náà ṣe, wọn á fà á sẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi dì mọ́ mi nínú ọkọ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, Hausa ló máa ń fi dáhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Màámi, jẹjẹrẹ náà ti ń kú."

Ọkọ mi ní ká ṣe sàárà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dín kósé, ìyẹn àkàrà, wọ́n pín in fún àwọn ará àdúgbò àti àwọn ọmọ kéú, àwọn àlùfáà ṣe àdúà. Lẹ́yìn ìrun alásàárì, mo jókòó lórí ẹní, mo ń ṣe tasbíù, mo fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn mi ró lábẹ́ híjáàbù nítorí pé awọ ibẹ̀ ti ń ta mí. Kókó náà wà lábẹ́ ìka mi. Ó ti kéré díẹ̀. Bí ahọ́n mi ti ń pe orúkọ Ọlọ́run, kókó náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo dákẹ́. Ó dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ padà. Ó tún ń lọ.

Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wò ni ìrìn omi tín-ín-tín nínú ẹran ara. Èmi sì ti ń gbé odindi ẹran náà lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà tó ń wò ó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ti mú mi dákẹ́ bí òkú. Ní ọjọ́ kejì, mo ka súrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ló mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ló ń kú, àbí ahọ́n mi ni wọ́n rí?

N kò lè jẹ nínú kósé sàárà mi.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rù méjì ló ń fà mí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba ìròyìn ayọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ìtànṣán á sì jó ibi itọ́ mi gbẹ. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n lè fa ìtànṣán kúrò lórí ohun tó ṣì wà láàyè, yóò sì jókòó síbẹ̀ máa dúró dè mí. Èrò tún wá sí mi lọ́kàn pé bóyá dókítà á rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní kí n jáwọ́ nínú àdúà.

Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń gé èékánná lórí àga níta. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣeré.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo ti fẹ́ ọ, ìgbà wo ni ahọ́n rẹ dúró jẹ́ẹ́ rí? Ìwọ kò sọ fún wọn kí wọ́n tó yà ọ́?"

Mo ní, "N kò ṣeré, Bàbá."

Ó gbé abẹ sílẹ̀. "Ọlọ́run fún ọ ní ìròyìn rere, o fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù. A ti ṣe sàárà. Kí ni a ó wí fáwọn ènìyàn? Pé súrà ló ba àwòrán jẹ́?"

"Súrà kò ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n ní kí n má mira, mo mira."

"Tí ó bá jẹ́ pé ó ń kú lóòótọ́ ńkọ́? O ó fi ẹnu ara rẹ gba itọ́ lẹ́nu ara rẹ."

Ó gbá èékánná tó gé jọ, ó sì ní, "Ẹ̀rù ń bà mí ni o. Má fi ti ẹnu mi ṣe." Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé wa.

Mo sọ ọ́ fún dókítà kí n tó jókòó dáadáa. Mo ń fi ojú wá ẹ̀rín lójú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?" Mo sọ fún un pé n kò rántí Ọlọ́run lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Níwájú ọkọ mi ni mo sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ fún ènìyàn nìyẹn, títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ ọ́.

Ó pe ọkùnrin tó ń bá wọn ṣe ìṣirò ìtànṣán wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, onírùngbọ̀n funfun. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí, ó wá kọjú sí ọkọ mi bíi pé ọkọ mi ló ń ṣàìsàn.

Ó ní, "Alhaji, ẹ ń ra ẹ̀wà lọ́jà?"

Ọkọ mi ní òun ń rà.

"Tí wọ́n bá fi abọ́ mudu wọn ẹ̀wà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé iye kan náà ló ń jẹ́?"

"Rárá o. Ọwọ́ wọn kì í dọ́gba. Àwọn kan á kó o lórí, àwọn kan á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kúrò."

"Ó dáa. Tí mo bá sọ fún yín lọ́la pé ẹ̀wà yín ti lé ní ìkúnwọ́ kan, ṣé ẹ̀wà ló lé ni, àbí ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n? Kí n tó gbà pé ẹ̀wà lé, ó gbọ́dọ̀ lé ju ohun tí ọwọ́ lè fi kún un lọ. A kò tíì mọ bí ọwọ́ ẹ̀rọ yìí ṣe rí lórí Malama."

Dókítà ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la yà wọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi dá ẹjọ́." Ó ní wọn kò ní yí ètò kankan padà. Kí wọ́n yà mí lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan náà: kí wọ́n yà mí, kí n dìde, kí n rìn yí ilé ká, kí n padà dùbúlẹ̀, kí wọ́n tún yà mí. Ó kọjú sí mi. "Malama, ahọ́n yín kò gbọdọ̀ lọ."

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo jókòó sórí ibùsùn ẹ̀rọ náà, mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Áà, Alhaja. Gbogbo ìgbà tí mo ní ẹ káre yẹn, ẹ ń wàásù fún ẹ̀rọ mi?" Ó ní kí n fi orí ahọ́n mi ti ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, kí n fi í síbẹ̀.

Mo bi í léèrè bóyá ìka ọwọ́ mi lè máa lọ.

Ó ní, "Ìka ò kàn mí. Ọrùn ni tèmi."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé mo ti mọ ohun tó ń bọ̀, n kò sì ní nǹkan tí mo lè fi bo ara mi. Nínú ariwo yẹn, tí ahọ́n mi wà ní dídè, obìnrin odi kan ló wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń mú un wá sí ilé kéú bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá mi fún un ní pákó wàláà bíi ti gbogbo wa, ó ní kó máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà, ìka náà ni ó sì ń wò, kò wo ẹnu rẹ̀ rí. Ọmọ kan bi í léèrè ìdí rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ohun tí Ọlọ́run kò fún un, èmi ni mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ Ọlọ́run kan fún oríkèé kan. Ahọ́n mi wà lẹ́yìn eyín. Wọ́n fà mí jáde, mo rìn yí ilé ká pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, wọ́n tún tì mí wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, dókítà gbé àwọn àwòrán náà sílẹ̀ níwájú wa. Nọ́ńbà méjèèjì ti Wẹ́sìdeè kò bára mu pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ra. Wọ́n ga ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ. Èyí tó ga fíofío, èyí tí a torí rẹ̀ dín kósé, òun nìkan ló dá wà lókè.

Ọkọ mi ní, "Kò kú nígbà náà?"

Dókítà ní, "N kò mọ̀. Ó lè máa kú. Àwòrán yìí kò lè sọ ọ́ fún mi, n kò sì ní fi ẹ̀mí wọn dán an wò. A ó tan ìtànṣán náà pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní alihamudulilahi. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí. Nígbà tí a dénú ọkọ̀, mo sunkún nítorí itọ́ mi.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, n kò fẹ́ rántí wọn tán. Ẹnu mi bó. Ohùn mi lọ. Omi ẹ̀kọ tútù ni mo ń mu, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ti fi ìbòjú yẹn dè mí, mo ń rò ó pé bóyá jẹjẹrẹ náà ti kú tipẹ́, pé ara tó dáa ni wọ́n ń jó báyìí, pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi fà á. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń ka oríkèé ìka mi lábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí wọ́n parí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n yà mí lẹ́ẹ̀mejì, dókítà fi ìka tẹ ọrùn mi, ó fi iná wo ọ̀fun mi, ó tún bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pè. Ó ní gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ ló sọ ohun kan náà, pé kò rí nǹkan kan mọ́.

Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí. Ẹnu mi gbẹ. Ìgò omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú iyàrá kéú, mo fi ń mú ahọ́n mi tutù láàárín ọ̀rọ̀ méjì, àwọn obìnrin tí mo ń kọ́ sì máa ń dúró dè mí. Ohùn mi padà, ṣùgbọ́n ó há. Ó ṣì tó láti ka súrà.

Ọdọọdún ni wọ́n ń pè mí kí n wá ya àwòrán. Alẹ́ tó bá ṣáájú rẹ̀, n kì í sùn. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ á gba pín-ín-nì mi, á gba tẹ̀sùbáà mi, á ní, "Alhaja, ìwàásù ńkọ́ lónìí?" Èmi á ní kò sí. Á gbé àgò yẹn dé mi lójú. Mo máa ń fi orí ahọ́n mi ti ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò mi á sì lọ wá oríkèé àkọ́kọ́.